Ọ̀sẹ̀ Kan Lọ́dún Létí Omi

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Màmá mi,

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ṣé orúnkún yín ti rọ̀ díẹ̀? Ṣé ẹ ṣì ń jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ títí oòrùn fi ń wọ̀? Mo mọ̀ pé ẹ ó ní, "Ta ni yóò bá mi rán an?" Mo kàn ní kí n béèrè náà ni. Lẹ́tà ni mo kọ nítorí pé ìgbà tí a sọ̀rọ̀ lórí fóònù kẹ́yìn, ẹ ní mo ń dún bí ẹni tó wà nínú ìkòkò. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìkòkò.

Èmi wà dáadáa. Iṣẹ́ ń lọ ní ilé ìfọṣọ. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn kì í tán. Bí a ṣe ń ká èyí ni òmíràn ń jáde nínú ẹ̀rọ, ó ṣì ń gbóná.

Màmá, ẹnì kan pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun ń wá ọmọ yín. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń béèrè rẹ̀?" Ó dárúkọ ibi iṣẹ́ rẹ̀, mo sì rántí rẹ̀. Ọkùnrin kan báyìí tí eyín rẹ̀ kì í wọlé ni, ọkọ mi ló sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé ẹni tó ń wá ti di olóògbé láti oṣù kẹfà. Ó ṣe mí bíi pé eyín náà wọlé lójijì. Ó bá mi kẹ́dùn dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó tìtorí rẹ̀ pè.

Èmi àti ọmọ yín lọ lo ọ̀sẹ̀ kan létí adágún omi kan lọ́dún tó kọjá, kí àìsàn náà tó dé. A kò san nǹkan kan. Àwọn tó ni ibẹ̀ ló pè wá, wọ́n ní kí a wá sinmi lọ́fẹ̀ẹ́, bí a bá ti lè jókòó gbọ́ ìpolówó ọjà wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ohun tí wọ́n ń tà ni ọ̀sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, ọ̀sẹ̀. Èèyàn á san owó ńlá lẹ́ẹ̀kan, ọ̀sẹ̀ kan nínú ọdún á di tirẹ̀ nínú yàrá kan níbẹ̀, lọ́dọọdún títí lọ. Àwọn ọ̀sẹ̀ yòókù di ti àwọn ẹlòmíràn. Nígbà náà, a rẹ́rìn-ín, a jẹ oúnjẹ wọn, a wá sílé.

Ní báyìí, Ẹlẹ́rìn-ín ní ọ̀sẹ̀ tí a lò gan-an ṣì wà nílẹ̀, pé òun lè fi sílẹ̀ fún mi. Iye rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí ibi iṣẹ́ ọmọ yín san fún mi lẹ́yìn ikú rẹ̀. N kò tíì fọwọ́ kan owó náà. Mo ń rò ó pé bí mo bá rà á, n ó ní ibì kan tí a ti jọ wà tí mo lè máa padà sí. Ṣùgbọ́n òógùn ọmọ yín ni, n kò lè dá a ná láìsọ fún yín. Kí lẹ rí sí i?

Èmi ìyàwó yín


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Ìyàwó mi,

Mo ń gbọ́ ohùn rẹ nínú ìwé ju ti fóònù lọ. Orúnkún ń bẹ níbi tó wà, kò lọ síbì kankan, èmi náà kò lọ síbì kankan. Ọlọ́run á máa bá mi ṣọ́ ọ ní ilẹ̀ àjèjì yẹn.

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo tún pe ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ránṣọ pé kó wá kà á sí mi létí, bóyá ojú mi ló ń ṣe. Ó ní ohun tí mo kà náà ló wà níbẹ̀. Wọ́n ń ta ọ̀sẹ̀! Ayé yìí náà dà. Láìpẹ́, wọ́n á máa ta ìrọ̀lẹ́.

Mo ní ìbéèrè. Má bínú, o mọ̀ pé inú ilé yìí ni ọkọ rẹ ti kọ́ tirẹ̀. Ta ló sùn lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú tiyín? Ṣé ẹ máa ń pàdé lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ kí ara yín ni? Bí ẹni yẹn bá da epo sórí àga, ta ni yóò fọ̀ ọ́? Bí òrùlé bá jò ní ọ̀sẹ̀ ẹlòmíràn, ṣé ìwọ náà á dá sí i? Èèyàn bí àádọ́ta lórí bẹ́ẹ̀dì kan! Ọ̀rẹ́ mi ní kí n sọ fún ọ pé orogún sàn jù, ó kéré tán, orogún máa ń mọ orúkọ ara wọn.

Má sì rò pé mo ń bú u. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi yìí àti ẹnì kan tó ti kó kúrò ládùúgbò, àwa mẹ́ta la dáwó ra ẹ̀rọ tí ń ká etí aṣọ. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹ̀rọ náà la fi rán ọkọ rẹ níwèé. Nítorí náà, mi ò lè ní ohun àjọni kò dára. Ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá kán nìkan ni a kì í mọ ẹni tó ni ín.

Àmọ́ nǹkan kan dùn mí níbẹ̀. Ẹ lọ síbì kan fún odindi ọ̀sẹ̀, kò sí ẹni tó sọ fún mi nínú ẹ̀yin méjèèjì. Ọmọ mi wà létí omi, èmi rò pé ibi iṣẹ́ ló wà. Kí ló ń ṣe níbẹ̀? Kí ló jẹ? Ṣé ó wọ inú omi náà ni? Ẹni tó jẹ́ pé bí òjò bá ṣú ní kékeré rẹ̀, abẹ́ tábìlì ìránṣọ mi ni a ti ń fà á jáde! Kọ gbogbo rẹ̀ sí mi. Ọ̀rọ̀ rírà yẹn, a ó padà sórí rẹ̀.

Ìyá ọkọ rẹ


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta

Màmá mi,

Ẹ foríjì wá. Ọmọ yín ló ní kí n má sọ. Ó ti sọ fún yín lóṣù náà pé kò sí owó lọ́wọ́ òun, ó ní bí ẹ bá wá gbọ́ pé a lọ najú létí omi, ẹ ó pe òun ní òpùrọ́. Ẹ rí i pé ẹjọ́ náà kì í ṣe tèmi nìkan.

Òkè ni yàrá náà wà. Àtẹ̀gùn onígi ló lọ síbẹ̀, ọ̀kan nínú rẹ̀ máa ń dún bí a bá tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀dì ńlá kan, àga méjì, sítóòfù kékeré, àti fèrèsé gígùn kan tó kọjú sí omi. Omi náà dákẹ́ bí ẹni tó ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ ilé onílé. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, ọmọ yín jókòó sí faráńdà láìwọ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé irin, ó ní, "Ìyàwó, àwọn wo ló wà níbi iṣẹ́ báyìí?" Mo ní gbogbo ayé ni. Ó ní, "Bá mi kí wọn."

Bẹ́ẹ̀ ni, ó wọ inú omi. Ó kọ́kọ́ dúró síbi tó mu ún dé orúnkún, ó ń bi ọkùnrin kan tó ń lúwẹ̀ẹ́ bóyá ẹja ibẹ̀ máa ń géni jẹ. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ó ti lè dùbúlẹ̀ lórí omi, ojú rẹ̀ sókè, ó fẹ́ àyà bí ọ̀pọ̀lọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Ó ní kí n má mú òun rẹ́rìn-ín o, pé òun á rì.

Mo bi Ẹlẹ́rìn-ín ní àwọn ìbéèrè yín. Ó ní èèyàn kì í pàdé ẹni tó ṣáájú, àwọn òṣìṣẹ́ ló máa ń tún yàrá ṣe bí ẹnì kan bá jáde kí ẹlòmíràn tó wọlé. Òrùlé, gbogbo wa ni. Owó ìtọ́jú wà tí a ó máa san lọ́dọọdún, à báà lọ, à báà má lọ. Mo ní ṣé kì í lọ sókè? Ó ní, "Kí ni kì í lọ sókè láyé yìí, mà?" Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Mo tún bi awakọ̀ tó ń wá kó aṣọ níbi iṣẹ́ wa, torí mo gbọ́ pé òun náà ra irú rẹ̀ níbòmíràn. Ó jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó wò mí. "Ṣé kí n sọ èyí tó dùn àbí èyí tó korò?" Mo ní kó ti ibi tó dùn bẹ̀rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ òun dàgbà níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Pé bí kì í bá ṣe owó tí òun ti san ṣáájú, òun kì bá tí sinmi rí láyé. "Èyí tó korò ńkọ́?" Ó ní àwọn ọmọ ti lọ, ìyàwó òun kò lè rìn jìnnà mọ́, owó ìtọ́jú ti di ìlọ́po méjì, òun sì ń wá ẹni tí yóò bá òun gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

"Lọ́fẹ̀ẹ́ kẹ̀?"

"Lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo wí. Àbí ẹ̀ ń fẹ́?"

Ó ń ṣàwàdà, Màmá, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá ẹnu rẹ̀ ṣe é. N kò tíì fọwọ́ sí ìwé kankan. Ọkàn mi ṣì wà níbẹ̀ ṣá.

Èmi ìyàwó yín


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹrin

Ìyàwó mi àtàtà,

Rà á.

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ kí ọ. Mo kí ọ. Rà á. Láti ìgbà tí mo ti ka ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ yẹn ni mi ò ti gbádùn ara mi mọ́. Mo ń ránṣọ, mo ń dá rẹ́rìn-ín, débi pé oníbàárà kan bi mí bóyá mo rí nǹkan he. Ọmọ mi dùbúlẹ̀ lórí omi! Ọ̀hún ni ibojì rẹ̀ wà, mi ò fojú kàn án rí. Aṣọ rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ mi, ti ìgbà èwe ni, kò ní òórùn rẹ̀ mọ́. Bí ibì kan bá wà tí inú rẹ̀ ti dùn tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a ó fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn? Awakọ̀ yẹn, àwọn ọmọ rẹ̀ ló fi ibẹ̀ sílẹ̀ ni kò ṣe fẹ́ ẹ mọ́. Tiwa kò tún ní ibòmíràn tí yóò lọ.

Mo ti rán kọ́tìnnì fún fèrèsé gígùn náà. O kò sọ ìwọ̀n rẹ̀, ojú inú ni mo fi wọ̀n ọ́n; mo ká etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn kí o lè tú u bó bá kúrú. Àwọ̀ ewé tó fẹ́ràn ni. Ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ mi tó ń padà sí ọ̀hún ló ń gbé e bọ̀. Bó bá ti jẹ́ ọ̀sẹ̀ tiwa, kọ́tìnnì tiwa ni kó wà níbẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ bá parí, ká a sínú kọ́bọ́ọ̀dù, kó máa dúró dè ọ́. Ilé tí èèyàn kò bá ti fi kọ́tìnnì tirẹ̀ kọ́, àlejò ló jẹ́ níbẹ̀.

Jẹ́ kí n gbọ́ bó bá ti wà lójú fèrèsé.

Ìyá ọkọ rẹ


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù karùn-ún

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Kọ́tìnnì dé láyọ̀. Nígbà tí mo tú u, gbogbo yàrá mi di àwọ̀ ewé. Mo fi bo ara, mo jókòó bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀ kí n tó ká a.

Mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì Ẹlẹ́rìn-ín nínú àpò ọ̀rá. N ó sọ bó ṣe lọ gan-an fún yín, torí n kò fẹ́ kí ẹ gbọ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀. Ó ti tẹ́ ìwé sílẹ̀, ó ti ṣí bírò. Mo ní, "Kí n tó fọwọ́ sí i, ìyá ọkọ mi fi kọ́tìnnì ránṣẹ́ sí yàrá wa."

Ó fọwọ́ kàn án. "Ó mà dára o! Ṣé àwọn fúnra wọn ló rán an?"

"Àwọn ni."

"Ṣùgbọ́n mà, a kì í fi nǹkan kọ́ níbẹ̀. Bákan náà ni kọ́tìnnì gbogbo yàrá."

"Ní ọ̀sẹ̀ tèmi nìkan ni. N ó yọ ọ́ bí mo bá ń lọ."

"Kò ṣeé ṣe, mà. Ìṣó kan ṣoṣo, a kò gbà á láyè."

"Ṣé kò tilẹ̀ ní lè wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù?"

"Kọ́bọ́ọ̀dù èwo, mà? Yàrá tó bá ṣófo ní ọ̀sẹ̀ náà lẹ ó gbà."

Màmá, ọwọ́ mi dúró lórí ọ̀rá. Mo ní, "Yàrá òkè ni mo ń wí o, èyí tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ń dún." Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé, kò sì purọ́ fún mi. Ọ̀sẹ̀ ló ń tà, irú yàrá bẹ́ẹ̀ ló ń tà. Yàrá yẹn gan-an kọ́. Ọdún yìí lè jẹ́ òkè, ọdún tó ń bọ̀ lè jẹ́ ìsàlẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹ̀yìn níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Mo ní bí mo bá kú ńkọ́, nítorí n kò bímọ. Ó ní owó ọdọọdún náà á bọ́ sọ́rùn ẹni tó bá jogún mi. "Ta ni yóò jogún yín, mà?"

Mo wo kọ́tìnnì. Ta ni mo tún ní, Màmá, bí kò ṣe ẹ̀yin? Mo fojú inú rí i bí wọ́n ó ṣe máa kọ̀wé sí yín lọ́dọọdún pé kí ẹ wá san owó òrùlé ilé tí ẹ kò dé rí.

N kò fọwọ́ sí i. Ẹlẹ́rìn-ín bá mi ká kọ́tìnnì padà sínú ọ̀rá, ó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n ká. Mo mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì.

Èmi ìyàwó yín


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà

Ìyàwó,

Lẹ́tà rẹ dé, ó sì yé mi. Èmi kì í ṣe ọmọdé.

Inú oṣù yìí ló pé ọdún kan. Mo ti ń rò ó pé tí ọjọ́ náà bá kò, màá lè sọ fún ara mi pé ọmọ mi ní yàrá kan létí omi. Àga tó ń jókòó sí wà lọ́dọ̀ rẹ. Ṣíbí tó fi ń jẹun wà lọ́dọ̀ rẹ. Kí ló wà lọ́dọ̀ mi? O ṣì kéré, wàá rí ọkọ mìíràn, mi ò sì ní bá ọ jà sí i. Èmi kò ní rí ọmọ mìíràn.

Ìwọ lo ni owó, fi ṣe ohun tó wù ọ́. Mi ò ní nǹkan tí mo tún fẹ́ béèrè.

Ìyá olóògbé


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù keje

Màmá mi,

Ẹ kú àárò ọmọ. Gbogbo ohun tí ẹ wí nípa àga àti ṣíbí, òótọ́ ni, n kò lè jiyàn. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ fi parí rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Ẹ̀yin, kí ẹ má ní nǹkan tí ẹ fẹ́ béèrè? Ẹ bú mi, ẹ bá mi jà, ṣùgbọ́n ẹ bi mí ní nǹkan.

Mo pe fóònù, ọ̀rẹ́ yín ló gbé e. Ó ní ẹ wà lórí ẹ̀rọ, pé ẹ ní kí n kú iṣẹ́. Màmá, àlejò la ń fi ẹlòmíràn kí.

N kò ní ọkọ mìíràn lọ́kàn. Bí mo bá tilẹ̀ ní, ta ni n ó kọ́kọ́ sọ fún?

Èmi ìyàwó yín ṣì ni


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹjọ

Màmá mi,

Ẹ kò fèsì, n ó sì máa kọ títí ọwọ́ yóò fi ro mí. Mo ní ìròyìn.

Lẹ́yìn tí mo kọ lẹ́tà tó kọjá, ọ̀rọ̀ yàrá náà kò kúrò lọ́kàn mi. Mo pe ibẹ̀, kì í ṣe Ẹlẹ́rìn-ín o, ọmọbìnrin tó ń gba àlejò. Mo ní ṣé ẹni tí kò ra ọ̀sẹ̀ lè háyà yàrá òkè yẹn gan-an, kódà fún ọjọ́ bíi mẹ́rin? Ó ní, "Kí ló dé tí kò ní lè háyà á? Ẹ kàn sọ yàrá tí ẹ fẹ́." Owó tó dá lé mi kò tó nǹkan rárá. Mo ń dá rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà. Ohun tí n bá fi gbogbo òógùn ọkọ mi rà, tí n kò sì ní rí i gbà, ọmọbìnrin yìí ń fi háyà fún mi bí ẹni ń háyà kẹ̀kẹ́.

Mo lọ. Àtẹ̀gùn ṣì ń dún. Mo ti mú aṣọ ìnujú dání, mo ti múra ẹkún sílẹ̀. Ẹkún kò wá. Wọ́n ti kun ògiri ní àwọ̀ mìíràn, wọ́n ti yí bẹ́ẹ̀dì padà. Mo wá ọmọ yín níbi gbogbo, kò sí níbẹ̀. Mo wá sùn, Màmá, oorun tí n kò sùn láti ọjọ́ tó ti lọ.

Ní òwúrọ̀ kejì, mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì bó ṣe mọ́ mi lára. Obìnrin tó ń tún yàrá ṣe gbé omi mímu wá, ó dúró, ó ń wo bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ẹ ti bá mi ṣe iṣẹ́ mi. Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣe báyìí rí níbí. Ọkùnrin ni. Yàrá yìí náà ni." Mo bi í pé irú ọkùnrin wo. Ó ní, "Oníbéèrè."

Màmá, mo jókòó.

Ó ní lójoojúmọ́, bí ìyàwó ọkùnrin náà bá ti lọ wẹ̀, ọkùnrin náà á sáré tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Obìnrin náà bá a lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ fi í sílẹ̀, ìyàwó yín á tẹ́ ẹ." Ó ní ọkùnrin náà fèsì pé, "Rárá o. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn ló ń ká láti ọdún dé ọdún. Nínú ọ̀sẹ̀ yìí, kò gbọdọ̀ ká ọ̀kan." Ó wá ní kí obìnrin náà kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ká igun rẹ̀ tó fi ń le bẹ́ẹ̀. Ó kọ́ ọ. Ó ní ìbéèrè rẹ̀ lórí igun kan ṣoṣo pọ̀ ju iṣẹ́ lọ.

Àwọn òṣìṣẹ́ kì í tẹ́ bẹ́ẹ̀dì láàárín ọ̀sẹ̀ níbẹ̀, omi mímu nìkan ni wọ́n ń gbé wá; bí èèyàn bá lọ tán ni wọ́n ń tún yàrá ṣe. N kò mọ̀. Mo rò pé àwọn ló ń tẹ́ tiwa ní gbogbo ìgbà yẹn. Ọmọ yín kò sọ fún mi rárá.

N kò ní ra ibẹ̀, n kò sì mọ̀ bóyá n ó tún padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí ni mo rí mú bọ̀, mo sì ní kí n pín in sí méjì.

Èmi ìyàwó yín


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹsàn-án

Ìyàwó mi, àyànfẹ́ ọmọ mi,

Irọ́ ló pa fún obìnrin yẹn! Ta ló ní kò mọ aṣọ ká? Èmi tí mo bí i ni mo kọ́ ọ. Kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ tó ti ń ká aṣọ àwọn oníbàárà mi ní ìrọ̀lẹ́, tí á máa bi mí bí ó ti ń ká wọn: ta ló ni èyí, níbo ló fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ, kí ló dé tí ikùn rẹ̀ tóbi? Ẹnu obìnrin náà ló fẹ́ gbọ́, kò fẹ́ kọ́ igun kankan. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Mo ka ibẹ̀, mo pariwo, ọ̀rẹ́ mi sáré wọlé, ó rò pé abẹ́rẹ́ ló gún mi.

Kí ni obìnrin náà tún sọ? Ṣé ó ti dàgbà? Ṣé o bi í bóyá ọmọ mi ń kọrin bó ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Kí ló dé tí o kò bi í? Irú omi wo ló gbé wá? Ọjọ́ mẹ́rin, kí lo jẹ?

Ohun tí mo kọ lóṣù kẹfà, ọ̀fọ̀ ló kọ ọ́. Mi ò lè fà á ya mọ́, ọwọ́ rẹ ló wà. Ìwọ ni kí o bá mi fà á ya. Bí ọkọ mìíràn bá sì dé lọ́jọ́ kan, mú un wá kí n bi í ní ìbéèrè.

O mú ìtàn rẹ̀ kan wá fún mi tí mi ò mọ̀. Èmi náà ní tèmi lọ́wọ́, wọ́n pọ̀, láti ọjọ́ tó ti ń rákòrò. Wọn kò lè wọ inú lẹ́tà tán. Yọ owó ọkọ̀ òfuurufú nínú owó yẹn, kí o máa bọ̀. Jókòó tì mí títí yóò fi sú ọ. Mo ti kó aṣọ àwọn oníbàárà kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì kejì.

Ìyá rẹ